Bàbá Olófì Ní Ká Yípo

Bí ẹ bá bá mi nílé tí ẹ sì bi mí pé ẹgbẹ́ òṣèlú wo ni mo wà, n ó ní kí ẹ jókòó, n ó fún yín ní omi tútù, n ó sì bi yín bí iṣu ṣe ta lọ́dọ̀ yín lọ́dún yìí. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti rí ohun tí ojú tèmi rí kì í dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nínú ohun tí mo ń kọ yìí nípa bàbá àgbà mi, Ràímì Àkànbí, ẹni tí gbogbo àdúgbò wa ní Ìsẹ́yìn ń pè ní Bàbá Olófì, n kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ kankan bí ó ti ń jẹ́. Ẹgbẹ́ Alágogo ni n ó máa pe ẹgbẹ́ tiwa. Orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Bí ẹgbẹ́ kan bá sì wà níbìkan tí agogo jẹ́ àmì rẹ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́ forí jì mí, àwọn kọ́ ni mo ń bá wí.

Bàbá ìbá ti rẹ́rìn-ín sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi yìí. Ó máa ń sọ pé láti kékeré ni mo ti ń tọrọ àforíjì kí n tó ṣẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi lọ́wọ́ òwú. Bí òwú bá já mọ́ ọn lọ́wọ́, á fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, èmi ni mo fà ọ́ jù." Ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ èèyàn lẹ́sẹ̀, ohun tí á sọ ni pé, "Kí ni ẹsẹ̀ rẹ ń wá níbẹ̀?"

Ó yẹ kí n ṣàlàyé òfì náà, nítorí ẹni tí kò bá dàgbà nílé aláṣọ òkè lè má mọ bí ó ṣe ń gba ilẹ̀ tó. Abẹ́ àtíbàbà ni Bàbá máa ń jókòó sí, nínú igun àgbàlá. Òwú tí ó fẹ́ hun á na gbọọrọ láti iwájú rẹ̀, ní gíga ìbàdí èèyàn, á la gbogbo àgbàlá já, títí á fi dé ìdí òkúta ńláńlá mẹ́ta tí ó wà lórí pákó kan ní òdìkejì. Àwọn òkúta yẹn ló ń fa òwú kí ó le. Bí Bàbá bá ṣe ń hun ún sọ́dọ̀ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni pákó òkúta á máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè tí kò fẹ́ wá.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ilé wa. A ní ìwà tí ó dára àti èyí tí kò dára, ṣùgbọ́n òfin, ọ̀kan náà ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba orí òwú kọjá, kò sì gbọdọ̀ gba abẹ́ rẹ̀. Bí o bá fẹ́ lọ sí òdìkejì, o ó rìn títí dé ìdí òkúta, o ó yípo rẹ̀. Ẹni tí ó bá já òwú, òun ni yóò jókòó so ó, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí tí yóò fi pé. Àwọn òwú náà sì tín-ín-rín bí irun orí, wọ́n pọ̀ bí ẹ̀ṣẹ̀.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa wà ní òdìkejì òwú. Ẹ fi ojú inú wò ó bí ìgbà èwe wa ti rí. Mo ti rí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí inú ń run, tí ó ń fi eré yípo òkúta, tí ó ń sunkún, tí Bàbá sì ń wò ó láti abẹ́ àtíbàbà láìdá ọwọ́ dúró. Nígbà tí ó dé òdìkejì, Bàbá kígbe tẹ̀lé e pé, "Ẹni tó yípo náà yóò dé!"

Kì í ṣe ọmọdé nìkan ni òfin yìí mú. Ọkùnrin olóṣèlú kan wá sí àdúgbò wa nígbà kan láti tọrọ ìbò. Èrò pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, agbádá rẹ̀ sì fẹ̀ bí aṣọ ìkélé. Bí ó ti rí Bàbá lábẹ́ àtíbàbà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń bọ̀ tààrà láti wá dì mọ́ ọn níwájú àwọn tí ń ya fọ́tò. Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ yípo, Ọnọ́rébù."

"Bàbá mi, èmi rèé o! Èmi ọmọ yín tí mo fẹ́ di sẹ́nétọ̀!"

"Mo gbọ́. Ẹ yípo kí ẹ tó di sẹ́nétọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà ṣe kó agbádá jọ sí èjìká, tí òun àti gbogbo èrò, olùyàfọ́tò, àwọn tí ń fọn fèrè, àti ọlọ́pàá kan, fi tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ yí òkúta po. Nígbà tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ Bàbá, àwọn tí ń fọn fèrè ti gbàgbé orin tí wọ́n ń fọn. Bàbá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ dáadáa. Ó ní òun gbádùn rẹ̀. Ó ní, "Ó mọ̀ ọ́n yí."

Ó ní rédíò kan tí ó so mọ́ òpó àtíbàbà, ó sì máa ń bá a jà. Nígbà tí ìdìbò ààrẹ tó kọjá yìí ń bọ̀, ìjà wọn wá le sí i. Rédíò á ní ẹgbẹ́ kan ti parí aáwọ̀ tó wà láàárín wọn, Bàbá á ní, "Ta ló rí wọn?" Rédíò á ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ohùn kan yan ẹnìkan, Bàbá á ní, "Ohùn ta?" Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde pé ọkùnrin méjì nínú ẹgbẹ́ Alágogo ni àwọn méjèèjì ń sọ pé àwọn ni ẹgbẹ́ fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ, ó dìde, ó yí ojú rédíò sí òpó, ó sì padà sídìí iṣẹ́. Rédíò ń bá òpó sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo béèrè pé ṣé kí n pa á. Ó ní, "Má pa á. Mo ní kó ronú ni."

Ọ̀rọ̀ tí rédíò sọ lọ́jọ́ yẹn ló wọ ilé wa. Bàbá ní ọmọkùnrin méjì tó kù láyé lẹ́yìn tí bàbá tèmi ti kú. Mùrí ni ọmọ ìyáálé, Gàní ni ọmọ ìyàwó kejì. Àwọn méjèèjì ni mò ń pè ní bọ̀dá, àwọn méjèèjì kọ́ iṣẹ́ lórí òfì kan náà, àwọn méjèèjì sì wà nínú Alágogo láti ìgbà tí ẹgbẹ́ náà ti dé Òkè-Ògùn. Mùrí ni alága ní wọ́ọ̀dù wa, Gàní ni igbákejì rẹ̀. Nígbà tí àwọn ńlá pín sí méjì l'Ábújá, Mùrí tẹ̀lé ọ̀kan, Gàní tẹ̀lé ìkejì. Kò sí èyí tí ó mọ ẹni tí òun ń tẹ̀lé lójúkojú. Mùrí so àkọlé sí iwájú ilé rẹ̀ pé "Alágogo Gidi." Gàní so tirẹ̀, ó kọ "Alágogo Ojúlówó" sí i. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pàdé ní mọ́sáláṣí, sàláámà tí wọn ó kí ara wọn kò ní dún ju ìmí lọ.

Àwọn ìyá wọn náà dá sí i. Ìyá Mùrí àti Ìyá Gàní ti jọ gbé fún ọdún tó pọ̀ láìjà ju bó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n ní àsìkò yìí, ìyáálé kò fẹ́ kí ìyàwó gba iná ní ìdáná òun mọ́. Bàbá bínú. Ó ní òun kò ní jẹ oúnjẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn títí wọn ó fi se é nínú ìkòkò kan. Ó sọ èyí láàárọ̀. Kí a tó kírun Àsùrì, mo bá a lẹ́yìn àtíbàbà níbi tí ó ti ń jẹ iyán Ìyá Gàní pẹ̀lú ọbẹ̀ Ìyá Mùrí. Ojú tì mí fún un. Ojú kò tì í. Ó ní, "Ebi ni kò mọ̀ pé mò ń bá èèyàn jà."

Àwọn ọmọ méjèèjì wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mùrí fẹ́ aṣọ tí wọn ó fi rán fìlà fún àwọn ènìyàn tirẹ̀. Aró àti funfun ni àwọ̀ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ó ní kí aró fẹ̀ ju funfun lọ, kí a lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí àwọn ọ̀dàlẹ̀. Gàní dé lọ́jọ́ kejì. Òun ní kí funfun fẹ̀ ju aró lọ, kí a lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí àwọn olè. Bàbá ní ó dára fún àwọn méjèèjì. Ó ta òwú kan ṣoṣo, ó hun ún gùn gbọọrọ, aró àti funfun dọ́gba. Nígbà tí ó parí, ó mú ọ̀bẹ, ó gé e sí méjì ní àárín, ó fún Mùrí ní ọ̀kan, ó fún Gàní ní ìkejì.

Mùrí gbé tirẹ̀ sókè sí oòrùn. "Ẹ̀hẹ́n! Ẹ wo bí aró ṣe jáde! Bàbá, ẹ mọ iṣẹ́ yìí."

Gàní fọwọ́ pa tirẹ̀. "Èyí ni funfun. Ojú ń ta mí. Ẹ ṣeun, Bàbá."

Lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì kó èrò jáde, kò sí ẹni tí ó mọ tibí yàtọ̀ sí tọ̀hún mọ́. Àwọn èèyàn Gàní wọ inú àwọn ti Mùrí, wọ́n jẹ ìrẹsì wọn, wọ́n bá wọn kígbe, kí wọ́n tó mọ̀ pé alága ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń yìn. Ọkùnrin kan tilẹ̀ wà tí ó jẹun níhìn-ín tí ó tún jẹ lọ́hùn-ún, tí ó ní ẹgbẹ́ òun ló ń tọ́jú èèyàn jù. Mo bi Bàbá pé ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. Ó ní, "Èmi ò rí apá méjì lára aṣọ yẹn. Ọ̀bẹ nìkan ni mo rí."

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ po. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ẹ. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé mi mọ́, n kò sì mọ bí a ṣe ń sọ pé rárá. Ọ̀dọ̀ mi ni ìwé orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà. Ẹni tí ó bá gbé ìwé náà dé Ìbàdàn ni wọn ó gbà gẹ́gẹ́ bí ojúlówó, òun ni yóò sì fi orúkọ àwọn aṣojú ránṣẹ́ sí ibùdó ìdìbò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bọ̀dá Mùrí gbé lẹ́tà kan wá bá mi. Ó wà nínú rẹ̀ pé ẹgbẹ́ ti lé Gàní àti gbogbo àwọn ènìyàn rẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo wo àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Bọ̀dá Gàní gbé lẹ́tà tirẹ̀ wá. Ẹgbẹ́ ti lé Mùrí àti gbogbo àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn tó dúró lẹ́yìn tirẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Mo fọwọ́ sí i náà. Mo rò pé inú àpótí ni wọn ó fi í sí.

Ara ògiri ọjà ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, lẹ́tà méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, gbogbo ẹni tí ó mọ̀wé kà ní Ìsẹ́yìn ti kà á fún gbogbo ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, pé Súlè akọ̀wé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé gbogbo ẹgbẹ́ Alágogo kúrò nínú ẹgbẹ́ Alágogo.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹnìkan fi ọ̀kadà sáré wá sọ fún mi pé àwọn méjèèjì ń bọ̀, láti ọ̀nà méjì, pẹ̀lú kùmọ̀ àti ṣéènì. Ní ìlú kan tí kò jìnnà sí wa, tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ti ṣẹ́ apá akọ̀wé kan nítorí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo di ìwé orúkọ náà sínú ọ̀rá, mo gbá a mọ́ àyà, mo sá lọ sọ́dọ̀ Bàbá.

Ó wà lábẹ́ àtíbàbà, ó ń ṣètò òwú tuntun.

"Bàbá, wọ́n ń bọ̀."

"Àwọn wo?"

"Àwọn ti Bọ̀dá Mùrí."

"Sá lọ bá Gàní."

"Àwọn ti Bọ̀dá Gàní náà ń bọ̀."

Ó gbé ojú sókè. "Kí lo ṣe?"

"Mo fọwọ́ sí ìwé ni."

"Ti ta?"

"Ti àwọn méjèèjì."

"Àlàó." Oríkì mi nìyẹn, kì í pè é lásán. "Ṣé ìwọ lo lé gbogbo wọn?"

"Èmi ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi jábọ́ lórí rẹ̀. Ó nu ojú. Ó ní, "Nínú gbogbo ẹgbẹ́ yẹn, ìwọ nìkan lo ṣiṣẹ́."

Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n di orí òwú mú. A na òwú náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí a máa ń nà án sí. Láti abẹ́ àtíbàbà, ó nà án dí gbogbo ẹnu àgbàlá, títí dé ògiri òdìkejì. Ó gba ìwé tó wà lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ sórí pákó pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀, a gbé òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé e, ó sì ti pákó náà mọ́ ògiri gbágbágbá. Mo wò ó. Láyé mi, n kò rí i kí Bàbá ta òwú láìfi ibi yíyípo sílẹ̀. Ó ní kí n lọ jókòó sẹ́yìn òun. Ìyá Gàní lọ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ó gbé ìjókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ odó lórí itan. Ìyá Mùrí bá a jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti bí oṣù méjì.

Wọ́n dé. Sàká ló ṣíwájú àwọn ti Mùrí, ọkùnrin kan tí ó ń tún ọ̀kadà ṣe, ó fi ṣéènì ọ̀kadà wé ọwọ́. Àwọn ti Gàní gba ọ̀nà ọjà yọ. Gbogbo wọn dé fìlà kan náà. Wọ́n rí mi kedere. Kò ju ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan lọ tí ó wà láàárín èmi àti kùmọ̀ àkọ́kọ́, pẹ̀lú òwú. Wọ́n sáré dé ibi òwú, gbogbo wọn sì dúró.

Kò sí ẹni tó pàṣẹ fún wọn. Wọ́n kàn dúró ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọn kò tíì fi ọwọ́ gbá lórí rí, nílé bàbá rẹ̀ tàbí nílé ọ̀gá rẹ̀, nítorí òwú tí a ta. Sàká gan-an ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá fún ọdún kan kí ó tó sá lọ sídìí ọ̀kadà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Oò, Sàká. Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà. Bàbá, ibo la máa gbà yípo?"

"Kò sí ibi yíyípo lónìí. Ẹ dúró kí n hun ún díẹ̀, òkúta á wọ́ kúrò lára ògiri."

Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tí wọ́n gbé wá láti Òfíkí, ọmọ àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́, tí kò mọ ohun tí òwú ń jẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, òwú lásán ni ẹ dúró wò yìí? Ẹ jẹ́ ká fò ó!"

Apá méjèèjì kọjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

"Orí rẹ pé?"

"Ṣé ìwọ lo máa so ó?"

"Ibo lẹ ti rí eléyìí? Ẹ̀yin lẹ gbé e wá!"

"Àwa kọ́! Ó dé fìlà yín!"

"Fìlà wa kọ́ nìyẹn, aró tiwa fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ!"

Bàbá ti jókòó. Ó ju ọkọ̀ òfì sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì, ó ń hun aṣọ bí ẹni pé àgbàlá ṣófo. Ìgbà yẹn ni Bọ̀dá Gàní fúnra rẹ̀ la àárín èrò kọjá wá síwájú. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó fa ọ̀bẹ yọ lápò. Ó ní, "Súlè, ìwé yẹn, tàbí kí n gé òwú yìí kí wọ́n wọlé bá ọ."

Bàbá dá ọwọ́ dúró. Kò bínú. Ó ní, "Gé e, Gàní."

Gàní gbé ọ̀bẹ lé òwú. Kò gé e.

"Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́," ni Bàbá wí, "nígbà tí o fi àgbá tí o ń yí já òwú aṣọ ẹtù. O jókòó síbi tí o dúró sí yẹn, o so ó láti àárọ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ bó, ta ló wá bá ọ so ìyókù?"

Mùrí, tó wà lẹ́yìn nínú èrò, ni a gbọ́ ohùn rẹ̀, ó rẹlẹ̀. "Èmi ni."

Gàní mú ọ̀bẹ kúrò. Bàbá gbé ọkọ̀ òfì rẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ tó bá ti so òwú rí, gígé a máa nira fún un."

Wọ́n dúró. Òkúta kò yára. Oòrùn mú, àwọn kan jókòó sílẹ̀, àwọn kan lọ jókòó ti pákó òkúta nítorí pé ibẹ̀ ní ibòòji. Sàká alára gbé ẹ̀yìn ti òkúta tó wà lórí ìwé tí ó wá gbà, ó sì sùn. Ìrun Àìlà tó, wọ́n lọ, wọ́n kírun, díẹ̀ ni ó padà. Ìyá méjèèjì bu ẹ̀bà. Kí ó tó di Àsùrì, Mùrí ti ń sọ láti ìta pé etí aṣọ tí Bàbá ń hun ń tẹ̀ sọ́tùn-ún, Gàní ń sọ pé irọ́ ni, òsì ló tẹ̀ sí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìjà tuntun tí kò ní agogo nínú. Nígbà tí òkúta fi wọ́ kúrò lára ògiri tó ìwọ̀n èèyàn kan, Sàká nìkan ló kù. Ó yípo. Ó dé iwájú mi. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ fún mi lómi."

Bí ìbò ṣe lọ, n kò ní sọ púpọ̀. Aṣojú Gidi àti aṣojú Ojúlówó jọ dé ibùdó ìdìbò wa, òṣìṣẹ́ ìbò ní òun kò mọ èwo nínú wọn, ó ní kí àwọn méjèèjì dúró sí ìta. Ẹgbẹ́ mìíràn, tí n kò ní dárúkọ òun náà, fi ẹ̀yìn wa nálẹ̀ ní wọ́ọ̀dù tí a kò tíì pàdánù rí. Mo tẹ̀lé Bàbá lọ dìbò. Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo bi í, jẹ́ẹ́jẹ́, pé ta ló dìbò fún. Ó wo àtàǹpàkò rẹ̀ tí yíǹkì wà lára rẹ̀. Ó ní, "Ìka ni mo tẹ̀. Ìka kì í rojọ́."

Ìwé orúkọ náà wà lábẹ́ òkúta. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n mú un, Bàbá kò sì rán mi létí. Òjò rọ̀, òjò dá. Lọ́jọ́ tí a gbé òkúta kúrò láti tún pákó ṣe, ọ̀rá ti ya, ikán ti jẹ ìwé náà tán, ti Mùrí, ti Gàní, àti tèmi akọ̀wé. Eruku pupa nìkan ló kù. Mo fẹ́ sunkún. Bàbá fi ẹsẹ̀ gbá eruku náà lọ. Ó ní, "Ikán nìkan ló ka gbogbo yín sí ọ̀kan."

Ó kú ní oṣù tó kọjá, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò ṣàìsàn. Ó kírun Àsùbá, ó ní ẹ̀yìn ń ro òun díẹ̀, ó dùbúlẹ̀, kò dìde mọ́. Àǹfáànì ikú bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ráyè jà lórí rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé iṣẹ́ wà lórí òfì. Òwú tó ta lánàá ọjọ́ náà ṣì nà la àgbàlá já, aró àti funfun. Yàrá tí a ti wẹ̀ ẹ́ wà níhìn-ín, ẹnu ọ̀nà tí a ó gbà gbé e lọ sí itẹ́ òkú wà lọ́hùn-ún.

Mùrí gbé e níwájú lọ́tùn-ún, Gàní gbé e níwájú lósì. Wọn kò tíì parí ìjà wọn, kí n má purọ́. Àkọlé méjèèjì ṣì wà níwájú ilé wọn. Àwa ìyókù wà lẹ́yìn, Sàká wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A gbé Bàbá dé ibi òwú, gbogbo wa sì dúró.

Àáfà ti ṣíwájú, ó yíjú padà. Ó ní òkú kì í dúró, kí a ṣe kíá, ṣé a kò rí i pé oòrùn ń ga ni? Ó ní kí ẹnìkan gé òwú náà, ẹni tó ni ín ti lọ.

Kò sí ẹni tó mira. Mùrí wo Gàní. Gàní wo òkúta tó wà lọ́hùn-ún, ní ìparí àgbàlá, níbi tó jìnnà.

"Ẹ yípo," ni Gàní wí.

"Ẹ yípo," ni Mùrí náà wí.

A yípo. Ó wúwo ju bí mo ti rò lọ, ọ̀nà náà sì gùn. Nígbà tí a dé ìdí òkúta tí a ń yí i ká, mo gbọ́ tí Sàká ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí omi ń dà lójú rẹ̀, tí ó ń sọ fún òkú tó wà léjìká wa, "Bàbá, ẹni tó yípo náà yóò dé."